Oríkì Baba Onílé Tí Ó Ní Kí N Mú Ọkùnrin Wá

Jẹ́ kí n kì ọ́, Baba Onílé,
jẹ́ kí n kì ọ́ kí àdúgbò gbọ́.
Onílé mẹ́ta lọ́nà Ọ̀wọ̀,
a-fi-kọ́kọ́rọ́-ṣe-ṣaworo,
bí o bá ń bọ̀, ìbàdí rẹ ló ń ké sí wa.
A-dúró-sẹ́nu-ọ̀nà-béèrè-ọkọ.
Mo dé iwájú rẹ, ẹ̀yìn mi lò ń wò,
ò ń wò ó bóyá ọkùnrin kan ń rìn bọ̀.
Mo ka owó ọdún méjì sílẹ̀ lójú rẹ,
o kà á, o tún un kà,
o ní owó pé, ènìyàn ni kò pé.

Nínú oríkì nìkan ni mo ti lè pe Baba yìí ní "ìwọ". Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ ni, "ẹ" ni mo sì ń pè é, nítorí ó dàgbà ju bàbá tó bí mi lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ilẹ̀ wa ti fi lé obìnrin lọ́wọ́ láti ayébáyé: bí ó bá ń ki ènìyàn, kò sí "ẹ" níbẹ̀. Ìyàwó ilé a máa ki ọkọ ní "ìwọ", arúgbó a máa ki ọba ní "ìwọ", ọba náà á sì jókòó gbọ́ ọ. Oríkì kì í ṣa ohun tó dùn nìkan sọ. Bí baba ńlá ẹni bá jagun, wọ́n á fi sí i. Bí ó bá sá lójú ogun, wọ́n á fi ìyẹn náà sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa gbọ́ ọ títí ayé. Nítorí náà, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo ń kì yìí tí ó ti inú mi wá. Ohun tí Baba ṣe ni mo ń pè.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Yàrá kan ni mo ń gbé ní Arákàlé, nínú ilé alájọgbé tí ènìyàn mẹ́rìndínlógún ti ń tò sí ẹnu ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo láàárọ̀. Olùkọ́ ni mí. Mo dá àjọ fún ọdún mẹ́rin kí n tó lè sọ pé mo fẹ́ ilé tí màá ti ní ilé ìdáná tara mi. Ejẹ́ńtì mú mi jáde kúrò nínú Àkúrẹ́, a kọjá Ọbà-Ilé, a dé Ìlú-Àbọ̀, níbi tí ilé tuntun ti ń hù láàárín oko kòkó. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, kànga wà lẹ́yìnkùlé, fèrèsé ilé ìdáná sì kọjú sí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta. Kí Baba tó dé, mo ti fi ojú inú gbé ìkòkò mi kalẹ̀ lábẹ́ fèrèsé yẹn.

Baba dé. Kò béèrè orúkọ mi, kò béèrè iṣẹ́ mi. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ọkọ rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò tíì lọ́kọ."

Ó wo ejẹ́ńtì. "Ṣé o ò sọ fún un ni? Mi ò kì í gba obìnrin tó ń dá gbé sílé mi."

Ìdí tó sọ kò ju mẹ́ta lọ. Ó ní irú wa máa ń kó ọkùnrin wọlé. Ó ní bí ọkùnrin tó ń san owó ilé fún wa bá kọ̀ wá sílẹ̀, ta ló fẹ́ máa san án? Ó ní bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, òun fẹ́ ẹni tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀, owó ọdún méjì tí ó kà tán ti padà sínú báàgì mi, èmi fúnra mi sì ń bá a sọ̀rọ̀.

Ní géètì, ejẹ́ńtì fọwọ́ kan èjìká mi. "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ lọ wá bùrọ̀dá kan mú wá. Gbogbo wọn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀."

Gbogbo wọn. Mo padà lọ bi àwọn obìnrin tí mo mọ̀ léèrè, òótọ́ ni. Nọ́ọ̀sì kan mú pásítọ̀ ìjọ rẹ̀ lọ bá onílé. Opó kan tí ó ti ń bọ́ ọmọ mẹ́rin láti ọdún mẹ́sàn-án mú àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tí kò fún un ní kọ́bọ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin òkú. Dálémoṣú kan tí ó ń rán aṣọ ní Ìjàpọ̀ padà lọ bẹ ọkọ tó lù ú tó fi sá jáde, kí ó wá dúró fún un níwájú onílé fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ó san owó ìṣẹ́jú márùn-ún náà fún un. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, kò wo ojú mi.

Èmi, àbúrò mi ni mo mú lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà, ó ṣì ń wáṣẹ́, èmi ni mo ra ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Baba bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ ìyàwó." Ó kọ rìsíìtì ní orúkọ rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn géètì, àbúrò mi fún mi ní kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì ní kí n má bínú, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí. Irọ́ ni mo pa. Bàbá mi kò kọ́ mi ní irọ́, ó sì dùn mí débi pé oṣù méjì kọjá kí n tó lè sùn dáadáa nínú ilé tí mo fi owó mi gbà.

A-gba-àpọ́n-láì-béèrè-aya,
ọmọkùnrin tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi,
àpọ́n ni, kò mú ìyàwó wá,
o fún un ní kọ́kọ́rọ́ kí owó rẹ̀ tó pé.
Aago méjì òru ni ó ń wọlé,
o ní iṣẹ́ ń wọ ọmọkùnrin lọ́rùn.
Aago mẹ́jọ ni mo wọlé láti ìpàdé òbí,
o jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, o ní, "Ìyàwó, níbo lo ti ń bọ̀,
kí n tó pe ọkọ rẹ lórí fóònù?"
Ọlọ́pàá tí ìjọba kò gbà,
a-ka-àlejò-obìnrin-bí-ẹní-ka-owó-àjọ.
Ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi, o kà á.
Ẹni tó wá tún iná ṣe, o kà á.
Ọmọ iléèwé mi gbé ìwé wá, o ka ìyẹn pẹ̀lú.
Òjò wá jò wọ orí bẹ́ẹ̀dì mi láti òrùlé rẹ,
ọjọ́ mọ́kànlélógún, Baba Onílé,
ìyẹn nìkan lo ò kà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé ṣe di wúrà níbí, kí ó padà sí ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rọ́ wọlé, ọ́fíìsì kún Alágbàkà. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, FUTA, dé ní 1981, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó jogún oko kòkó lẹ́bàá ìlú rí i pé yàrá ń mú owó wọlé lọ́dọọdún láìretí òjò, ó gé igi kòkó, ó da bíríkì. Ta ló wá ń bọ́ gbogbo ọ̀pọ̀ ènìyàn tó dé? Àwọn obìnrin Ọjà Ọba, àwọn obìnrin Ìsíkàn, àwọn tó ń ti oko wọlé pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gàrí kí ìrun àárọ̀ tó pè. Owó tí ìjọba ń san lóṣooṣù, ọwọ́ wọn ló ń já sí.

Ìyá Onílé wà lára wọn. Ẹ̀gúsí ni ó ń tà ní Ọjà Ọba. Lálẹ́, a jọ máa ń jókòó sẹ́yìnkùlé bó ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ni ó ti sọ fún mi, láìgbé ojú sókè, pé àjọ òun ni wọ́n fi ra páànù ilé kejì. Ilé kẹta, ìyẹn tí mò ń gbé, owó gbọ́mú-lé-lántà ni ó fi parí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ owó yẹn, kí ó bi obìnrin ọjà kankan: wọ́n á kó àwọn obìnrin jọ lẹ́gbẹẹgbẹ́, wọ́n á yá wọn lówó, wọ́n á máa gbà á padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹnìkan kò bá rí san, gbogbo ẹgbẹ́ á jókòó títí ó fi rí i. Ọdún méjì ni Ìyá fi san án. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan wà tí òun kó aṣọ ìgbéyàwó òun lọ tà.

Wọ́n gbẹ́ orúkọ Baba sí iwájú ilé, àti ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Ìwé ilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Baba. Nínú gbogbo ìwé ilé náà, ìwé gbèsè nìkan ló ń jẹ́ orúkọ Ìyá.

Baba Onílé, ọkọ ẹlẹ́gùúsí,
a-gun-àkàsọ̀-aya-dé-òrùlé,
ó dókè tán, ó fa àkàsọ̀ sókè.
Bíríkì iwájú ilé rẹ, ẹ̀gúsí ni.
Bíríkì ẹ̀yìn ilé rẹ, ẹ̀gúsí ni.
Òpó àárín, ẹsẹ̀ tó wú lórí ìdúró ọjà.
Páànù orí rẹ, àjọ oṣù mẹ́rìndínlógún.
Fèrèsé ilé ìdáná, aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n tà.
Bí òjò bá ń rọ̀ sórí ilé rẹ,
orí Ọjà Ọba ni òjò ń rọ̀ sí.
Inú ilé tí obìnrin kọ́ lo ti jáde
wá sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà
pé ilé rẹ kì í gba obìnrin.

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ Ìyá ju tèmi lọ. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti àpapọ̀ sọ ọ́ pé nínú àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ló ń jogún, àtọkùnrin àtobìnrin, èyí sì dára ju ti àwọn ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n bí Baba bá sùn tí kò jí lọ́la, Ìyá tó ra páànù á di àlejò lábẹ́ páànù náà, àfi bí àwọn ọmọ bá ní ojú àánú. Òfin tí Abuja ṣe ní 2015 lòdì sí ìwà ipá, tí Ìpínlẹ̀ wa sọ di tirẹ̀ ní 2021, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi ipá lé ènìyàn jáde nínú ilé tó ń gbé, ó sì ka ìyà tí wọ́n ń fi jẹ opó sí ẹ̀ṣẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jà fún un. Inú ilé ni òfin yẹn ti ń gbèjà obìnrin. Èmi tí mo ṣì wà níta ńkọ́? Ìwé Òfin 1999, abala kejìlélógójì, ní kí òfin tàbí ìjọba má ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀ nítorí pé ó jẹ́ akọ tàbí abo. Baba Onílé kì í ṣe ìjọba. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ìjọba rẹ̀ mọ, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti pàdé rẹ̀.

Ìran tó ṣáájú Baba mọ irú ẹnu ọ̀nà yìí dáadáa. Lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn ọmọ Yorùbá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kàwé ní London. Wọ́n á rí i nínú ìwé ìròyìn pé yàrá wà, wọ́n á kan ilẹ̀kùn, onílé á yọjú, á rí àwọ̀ wọn, á ní yàrá ti tán. Nínú fèrèsé mìíràn, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé àwọn kò gba ènìyàn dúdú. Ọdún 1968 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe òfin tó kan ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Àwọn bàbá wa padà wálé, wọ́n di lọ́yà, wọ́n di dókítà, wọ́n kọ́ ilé. Mo ti jókòó ti ọ̀kan nínú wọn tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ohùn rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n bó ṣe ń sọ bí obìnrin òyìnbó kan ṣe pa ilẹ̀kùn dé e lójú nínú òtútù. "Owó wà lọ́wọ́ mi," ni ó ń sọ ṣáá. "Owó wà lọ́wọ́ mi." Gbólóhùn yẹn ni èmi náà gbé délé láti Ìlú-Àbọ̀.

Àwọn kan á ní àṣà ni kí onílé má gba obìnrin tó ń dá gbé. Àṣà ìlú wo? Ní Àkúrẹ́, bí Déjì, ọba ìlú, bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń fi ṣe Adelé. Nígbà tí Déjì Adébíyí Adéṣidà wàjà ní oṣù kọkànlá 2013, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wọ aṣọ ọkùnrin, ló jókòó sí ààfin, ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìlú títí wọ́n fi rí Déjì mìíràn ní 2015. Kò sí ìjòyè tó béèrè pé kí ó lọ mú bùrọ̀dá kan wá. Ní Oǹdó ńkọ́? Àwọn ará Oǹdó fúnra wọn ló ń sọ pé obìnrin ni Púpùpú, Ọ̀sẹmàwé àkọ́kọ́, àti pé Airo ọmọ rẹ̀ ló jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọkùnrin ló ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka orúkọ àwọn ọba Oǹdó, orúkọ obìnrin ni ó gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ Lóbùn, tí wọ́n ń pè ní ọba àwọn obìnrin, sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìfijoyè Ọ̀sẹmàwé.

Ní Àkúrẹ́ yìí kan náà, ní 2010, wọ́n yọ Déjì kan lórí oyè nítorí ìjà tó bá ìyàwó rẹ̀ jà ní gbangba ìta. Mo rántí ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn àgbà ọkùnrin ń mi orí lójú pópó, wọ́n ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Bí a bá lè ṣí adé kúrò lórí nítorí obìnrin kan, báwo ni ilẹ̀kùn ṣe wá ṣòro ṣí tó báyìí?

Mi ò ní í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Abuja. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta 2022, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin da àwọn àbádòfin tó kan ẹ̀tọ́ obìnrin nù, títí kan èyí tí ì bá jẹ́ kí obìnrin lè pe ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí wọ́n ti fẹ́ra. Ọdún kejì, a dìbò, obìnrin mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó wọlé nínú ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́sàn-án sẹ́nétọ̀. Baba Onílé pọ̀ níbẹ̀ náà.

Baba Onílé, ọmọ ìlú Adelé,
ọmọ ìlú tó fi obìnrin ṣọ́ ìtẹ́.
Ọmọ ọba gba ààfin, kò mú ọkọ wá,
èmi fẹ́ yàrá kan àti pálọ̀.
Ọmọ ọba di ọ̀pá àṣẹ mú lọ́wọ́ ara rẹ̀,
èmi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi.
A-mọ-orúkọ-àbúrò-láì-mọ-orúkọ-ẹ̀gbọ́n,
a-gbowó-lọ́wọ́-Ìyàwó-kọ-orúkọ-ọkọ,
ọdún kìn-ín-ní, o kọ ọ́.
Ọdún kejì, o kọ ọ́.
Ọdún kẹta, owó mi tún pé,
mo sì ń bọ̀ wá bá ọ.

Àbúrò mi gbéyàwó ní Oǹdó ní oṣù kejìlá tó kọjá. Ìyàwó gidi. A jó títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo padà dé, mo mọ̀ pé mi ò lè jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé mi mọ́, ó ti ní ilé tirẹ̀ tó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ gbà. Ní ọjọ́ tí owó ilé pé, mo wọ pálọ̀ Baba, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní àbúrò mi ni. Mo ní mi ò tíì lọ́kọ. Mo ní irọ́ ni mo pa, kí ó dárí jì mí. Mo gbé owó náà sórí tábìlì.

Baba kò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́. Mo ń gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń lu ara wọn ní ìbàdí rẹ̀ bó ṣe ń mí.

Ìyá ló fọhùn láti inú yàrá. "Baba wọn, ta ló ti ń san owó náà láti ọdún mẹ́ta wá?"

Kò dá a lóhùn. Ìyá jáde, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó gbé ìwé rìsíìtì láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀, ó gbé bíírò lé e. Kò padà wọlé. Ó dúró síbẹ̀.

Baba mú bíírò. Ó kọ ọjọ́, ó kọ iye owó. Nígbà tí ó dé ibi orúkọ, ó dúró, ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí bó ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí mo rí i pé ojú ń tì í. "Ìyàwó" ni ó ti ń pè mí láti ọdún mẹ́ta. "Kí ni orúkọ rẹ gan-an?"

Mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó yí ìwé náà sí mi. Ó fo lẹ́tà kan.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fà á ya, ẹ tún òmíràn kọ."

Ó fà á ya.